Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Alágbàṣe

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kò sí ọmọ Yorùbá tí òwe yìí ṣàjèjì sí, bẹ́ẹ̀ ni kò síbi tí wọ́n ti ń ṣì í lò tó ìdí àdéhùn iṣẹ́. Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Kìṣí, gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́: iṣẹ́ rèé, owó rèé, ìgbà báyìí lowó yóò bọ́ sọ́wọ́. Ìyókù di ti inú ọmọlúàbí. Aago mélòó ni iṣẹ́ yóò máa bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ni yóò máa parí? Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ìsinmi? Ta ni yóò bọ́ òṣìṣẹ́? Bí àdá bá ṣá a lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Wọn kì í bèèrè, nítorí ẹni tó bá bèèrè ti di oníyọnu lójú ẹni tó fẹ́ gbà á. Ọ̀gá fi tirẹ̀ sínú, òṣìṣẹ́ fi tirẹ̀ sínú, odindi méjì tí kò jọra wọn ló sì ń jáde.

Ibi tí èyí ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni iṣẹ́ ọdún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló ń wọ Òkè-Ògùn wá ṣe é. Àwọn mìíràn ń gba Òkèrété, ìlú ibodè tó wà ní ìhà Ṣakí. Ẹni tó ti ṣe é rí ló máa ń kó wọn wá, òun náà ló sì ń bá àgbẹ̀ dúnàádúrà, nítorí àwọn mìíràn nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá. Wọn yóò ṣán oko, wọn yóò kọ ebè iṣu, wọn yóò gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, wọn yóò ro ó, wọn yóò kórè. Oúnjẹ àti ibùsùn ni wọ́n ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Owó di ìparí. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ í ṣe owó, máṣíìnì ni: alùpùpù kan tí ọmọ náà yóò gùn padà sí ìlú rẹ̀ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i pé ó lọ, ó sì bọ̀.

Máṣíìnì ni àdéhùn. Ẹnikẹ́ni kò sọ bóyá tuntun ni tàbí àlòkù, wọn kò dárúkọ irú rẹ̀, wọn kò sọ ẹni tí yóò ṣe ìwé rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, owó máṣíìnì tuntun ti gòkè, iṣu kò sì mú owó wá tó bí àgbẹ̀ ti rò. Ó fa àlòkù kan jáde tí táyà rẹ̀ ti jẹ dé okùn. Àgbẹ̀ kò purọ́: máṣíìnì ni. Ọmọ náà kò sì ṣèké: kì í ṣe irú èyí ló ní lọ́kàn ní gbogbo àárọ̀ tó fi ń jí lọ sóko. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni ìjà oṣù kẹwàá, nígbà tí ọ̀rọ̀ kékeré bá di ńlá, tí wọ́n ní kí ọmọ máa lọ. Iṣẹ́ oṣù 9 tó ti ṣe ńkọ́? Wọn a ní ọdún kò pé, pé a kì í san àbọ̀ ọdún. Ó ga o: ọ̀gá tó mọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ í sọ kò mọ àbọ̀ owó í san.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní 1974 tó sì wà nínú àkójọ òfin ti 2004, sọ̀rọ̀ lórí irú àdéhùn yìí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Abala 1 ní owó tí ìlú ń ná ni kí a fi san owó iṣẹ́. Àdéhùn tó bá fi nǹkan mìíràn rọ́pò owó, òfo ni. Abala 15 ní bí àkókò iṣẹ́ bá ju oṣù kan lọ, oṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá kí owó tó bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ọdún tí a fi máṣíìnì san lópin ọdún tipa bẹ́ẹ̀ ta ko òfin lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbẹ̀ a máa wí pé ọmọ náà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pé bí a bá ń fún un lóṣooṣù yóò ná an tán. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé àwọn fẹ́ gba owó náà ní odindi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi owó pamọ́ mọ alájọ, ó mọ báńkì, ó sì mọ ẹlẹ́sùúsú. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ti wọ inú ajílẹ̀ àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun tó so owó ìparí ọdún mọ́ wákàtí iṣẹ́ kò fara sin: ẹni tí owó rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kò ní wákàtí. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n lè ní kó lọ pọn omi fún gbogbo ilé lẹ́yìn tó ti oko dé. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n lè jí i ní aago 2 òru pé ọkọ̀ akẹ́rù ti dé, kó wá di àpò àgbàdo sókè. Bó bá kọ̀, gbogbo oṣù tó ti ṣe sẹ́yìn ló fi sínú ewu. Òṣìṣẹ́ tó gba owó rẹ̀ ní ìparí oṣù tó kọjá lè sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, ara ń ro òun, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe àdéhùn wákàtí láìsọ ọjọ́ owó kò tíì ṣe àdéhùn wákàtí.

Lórí wákàtí fúnra rẹ̀, òfin pàápàá àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ní 1919 ni Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Washington, tó fi wákàtí 8 sí ojúmọ́ àti wákàtí 48 sí ọ̀sẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wákàtí 8 yìí wà nínú òfin Nàìjíríà. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí abala 13 Òfin Iṣẹ́ wí ni pé wákàtí tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá fẹnu kò lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá ọ̀gá dúnàádúrà rẹ̀, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ bá fi lélẹ̀, ni wákàtí iṣẹ́. Ohun tó bá lé ni àṣekún. Ìsinmi nìkan ni òfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì mú: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, ọjọ́ 7 kò sì gbọdọ̀ kọjá láìsí wákàtí 24 gbáko fún ìsinmi. Lẹ́yìn oṣù 12, ìsinmi ọdún jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 6, owó ń wọlé. Ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún ni àìsàn lè gbà kí owó má dúró.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, òfin dárúkọ iye: wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko, wákàtí 2,400 lọ́dún fún iṣẹ́ oko. Ọmọ tó ti ibẹ̀ wá sí Ṣakí ti kúrò ní ilẹ̀ tí òfin ti bá a ka wákàtí, ó dé ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ní láti kà á. Bí òfin bá sì ní kí ẹni méjì fẹnu kò, tí àwọn méjèèjì dákẹ́, kò sí wákàtí. Níbi tí kò sí wákàtí, kò sí àṣekún. Gbogbo òru tó fi di àpò sókè, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn tó ń fi òwe yìí gbèjà ara wọn máa ń wí pé bí àwọn baba ti ń ṣe é nìyẹn. Irọ́ ni. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní Ọ̀yọ́, èyí tó jáde ní 1921, àlàyé wà lórí ìwọ̀fà: ẹni tó yá owó yóò fi iṣẹ́ ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀ ṣe èlé títí yóò fi san owó náà padà. Onígbọ̀wọ́ ń dúró láàárín. Wọ́n ń sọ iye iṣẹ́ tí ìwọ̀fà yóò ṣe àti ìgbà tí yóò ṣe é. Bó bá ti parí rẹ̀, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀, ó lè lọ roko ara rẹ̀. Ìwọ̀fà kò dára, ìjọba òyìnbó sì fòfin dè é, kò sì sí ẹni tó yẹ kó máa ṣàárò rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ohun tí kò dára náà, àwọn àgbà ka ebè; wọn kò fi iye rẹ̀ sí inú ọmọlúàbí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà fún ìbáwí, ó wà fún àṣírí, ó wà fún ohun tí àlejò kò gbọdọ̀ gbọ́. Bó bá ti kan owó àti òógùn, odindi ni wọ́n ń sọ, lójú ẹlẹ́rìí. Òwe náà tilẹ̀ gbójú fo ohun kan dá: ọmọlúàbí tí kò gbọ́ èdè ẹni, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní ibi tí yóò ti di odindi nínú rẹ̀.

Nípa sísọ odindi ọ̀rọ̀, olófì Ìsẹ́yìn sàn ju àgbẹ̀ lọ. Aṣọ tó bá hun ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ fún un. Ó jókòó ti òfì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kọ̀ ń já láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, òkúta tó fa okùn le sì ń wọ́ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn. Gígùn rẹ̀ ṣeé wọ̀n, ojú gbogbo ayé ló wà. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ yóò mọ ìdí tí ìjà owó kò fi pọ̀ láàárín wọn bíi ti oko. Wàhálà tiwọn ń dé ní àsìkò Iléyá àti ìgbéyàwó oṣù kejìlá, nígbà tí oníbàárà ń pè lọ́sàn-án lóru, tí wọ́n ń fi iná alágbèéká hun aṣọ títí ojú yóò fi máa ta. Iye owó aṣọ kan kò yí padà nítorí pé òru ni wọ́n hun ún. Ó yẹ kí ó yí padà, kí wọ́n sì sọ ọ́ kí àsìkò náà tó dé.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni kò ní agbẹnusọ nínú ilé òfì, gẹ́gẹ́ bí kò ti ní in lọ́dọ̀ télọ̀ àti mẹkáníìkì. Òfin ní kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 tí kò tíì pé 16 wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ó má ju ọdún 5 lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ọmọ bá fi àárọ̀ gbálẹ̀ ilé ọ̀gá, tó fi ọ̀sán fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, tó wá fi alẹ́ kọ́ṣẹ́, wákàtí mélòó ni a ó ka fún un? Òbí tó bá ń tẹ̀ka sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ bèèrè pé nínú iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe, èwo ni iṣẹ́ ọwọ́, èwo ni iṣẹ́ ilé.

Láàárín ìlú, gbólóhùn tó ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni “ọmọ mi lo jẹ́ níbí.” Ilé ìwé aládàáni ń sọ ọ́ fún tíṣà, ilé epo ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta epo, olówó ṣọ́ọ̀bù ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní aago 9 alẹ́. Ọmọ ẹni kì í gba owó oṣù, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá ti pè ní ọmọ kí ó yára bèèrè owó oṣù rẹ̀. Abala 7 Òfin Iṣẹ́ fún ọ̀gá ní oṣù 3 láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó fi fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ iṣẹ́, owó, wákàtí, ìsinmi, ọ̀rọ̀ àìsàn àti bí a ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Abala 5 ní ọ̀gá kò lè máa bu owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àdánù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí a tó yọ ọ́ nínú owó rẹ̀, gbogbo ohun tí a bá yọ nínú oṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ. Ilé epo tó ń yọ gbogbo owó tó bá dín lọ́wọ́ ẹni tó ta epo, láìbèèrè ohun tó fà á, ń rú òfin yìí. Ti tíṣà tún le sí i: Òfin Iṣẹ́ kò ka ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bò, nítorí náà ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ ni yóò fi gba ara rẹ̀ là. Bí ìwé náà kò bá sọ pé owó oṣù ìsinmi ilé ìwé yóò wọlé, kò dájú pé yóò wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba kéde. Ó di 70,000 náírà ní 2024, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fi tirẹ̀ sí 80,000 náírà. Òfin owó oṣù náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó yọ ẹni tí wọ́n ń fi iye iṣẹ́ san owó fún sílẹ̀, ó sì yọ iṣẹ́ oko ìgbà dé ìgbà sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ó yọ olófì, ó yọ alágbàṣe oko, ó yọ ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ta ló wá kù ní Òkè-Ògùn, yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀?

Ibi iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oko òde òní, kẹ́míkà ló ń pa koríko ju ọkọ́ lọ. Ọmọkùnrin a gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn, a máa fín in lọ lẹ́sẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ a sì máa dá a padà sí i lójú. NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de paraquat, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà apakoríko yìí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ọ̀gá tó bá ṣì ń gbé e fún òṣìṣẹ́ ń ṣe ohun méjì tó burú pọ̀. Bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́, ìbomú, omi àti ọṣẹ nítòsí: kí wọ́n wà nínú àdéhùn, kí a sì kọ ẹni tí yóò rà wọ́n, nítorí níbi tí wọn kò bá ti kọ ọ́, òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń ní kó rà á. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ wà lábẹ́ Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987, tó béèrè omi mímu, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì àti ohun ìdáàbò bò ojú àti ara. Àwọn tó ń fọ́ òkúta mábù ní ìhà Ìgbẹ́tì kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 sì ní kí ọ̀gá máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kí owó lè wà fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ló ń san án. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́.

Ọ̀gá náà ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ a gba owó ìṣáájú, a jẹun oṣù méjì, a sì pòórá nígbà tí ebè bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Àgbẹ̀ tí èyí ti ṣe rí lẹ́ẹ̀mejì ló ń di ẹni tó ń fi owó ènìyàn pamọ́ dé ìparí ọdún. Oògùn rẹ̀ kò sí nínú dídá owó dúró. Ó wà nínú sísan owó lóṣooṣù, kí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé sá má ju ti oṣù kan lọ, àti nínú kíkọ ìkìlọ̀ ìfiṣẹ́sílẹ̀ sínú ìwé. Òfin Iṣẹ́ ti dárúkọ tirẹ̀ fún àwọn méjèèjì: ọjọ́ kan fún iṣẹ́ tí kò ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún èyí tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ méjì fún èyí tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù kan fún èyí tó bá ti pé ọdún 5.

Àdéhùn iṣẹ́ oko tó péye kò ju ojú ìwé kan lọ. Ó lè lọ báyìí: “Lágbájá, àgbẹ̀ ní Ṣakí, gba Tàmẹ̀dù sí iṣẹ́ oko láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kejìlá. Iṣẹ́ yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30 àárọ̀, yóò dúró ní aago 11 nítorí oòrùn, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ní aago 3:30, yóò parí ní aago 6:30. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi. Owó oṣù jẹ́ iye báyìí. Yóò bọ́ sọ́wọ́ Tàmẹ̀dù fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé, tọ̀sán tòru, ní owó tirẹ̀, iye báyìí. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ àti yàrá tí òjò kì í jò sí wà lọ́rùn Lágbájá, a kò ní yọ owó wọn. Lágbájá ni yóò ra bàtà, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Bí Tàmẹ̀dù bá fara pa lóko, Lágbájá ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí iṣẹ́ yóò sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, owó ọjọ́ tí Tàmẹ̀dù bá ti ṣe kò sì lè sọnù.” Ẹni tó bá fẹ́ ọjọ́ Àìkú kó fi ọjọ́ Àìkú sí i. Bí ó bá jẹ́ ebè ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́, kí iye ebè rọ́pò aago, kí wọ́n sì kọ bí ilẹ̀ ṣe rí, nítorí igba ebè lórí ilẹ̀ tó rọ̀ kì í ṣe igba ebè lórí ilẹ̀ olókùúta.

Ẹ̀dà méjì ni a ó ṣe, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe méjèèjì nínú àpótí ọ̀gá. Bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ̀wé, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó bá a kọ ọ́ fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìwé náà, kí ó sì kà á fún un, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó tó tẹ̀ka. Fún ọmọ Bàrùbá tàbí ọmọ Tógò, èyí gba ògbufọ̀, ògbufọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó kó o wá, torí ẹni tó kó o wá ti gba owó tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá dàrú, ààfin àti àwọn àgbà àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ a sì yanjú níbẹ̀ bí ìwé bá wà láti kà. Èyí tí kò bá yanjú yóò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tàbí sí Kóòtù Ilé-iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Kóòtù náà yóò gbọ́ àdéhùn ẹnu pẹ̀lú, nítorí òfin gba àdéhùn ẹnu bó ti gba ti ìwé. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí àdéhùn ẹnu ní láti wọkọ̀ láti Ṣakí dé Ìbàdàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é, òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì san owó rẹ̀ ni yóò sì san owó ọkọ̀ náà.